Ọjọ́bọ̀ Kan Lórí Omi Ìlàjẹ

Aago márùn-ún ìdájí

Ìró àjẹ̀ ló máa ń jí wa ní Òde Mahin, ìlú wa ní Ìlàjẹ, kí àkùkọ tó kọ. Apẹja kan á tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, àjẹ̀ á kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò, kò, ẹni tó sùn sí yàrá ẹ̀yìn á sì ti mọ ojúlé tí ọkùnrin náà ti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù May, ọdún 1998. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọ̀gágun Sani Abacha ṣì wà lórí àlééfà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù kí ikú mú un lọ. Bàbá mi ti jí, ó ti mú àdá, ó ń lọ wo ògùrọ̀ rẹ̀.

Ní wákàtí yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà lójú òkun, nǹkan bíi máìlì mẹ́sàn-án sí etí omi wa, wọ́n ń jí lórí irin. Òru kẹta wọn nìyẹn. Láti Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25, ni wọ́n ti gun pèpéle ìwapo tí ilé iṣẹ́ epo Chevron ń pè ní Parabe, àti bàájì ńlá tí wọ́n so mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà àti ti àwọn kọngílá wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà ń sọ kò díjú. Wọ́n ní ọ̀nà omi tí àwọn elépo gbẹ́ ti ṣílẹ̀kùn fún òkun, iyọ̀ ti wọ odò, ẹja omi dídùn ti kú, igi ti gbẹ lóòró, omi tí à ń mu kò ṣeé mu mọ́. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà wá tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, kó sì fún ọmọ ìlú níṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti kọ lẹ́tà títí, kò sí èsì gidi.

Ilé iṣẹ́ náà ní tirẹ̀ sọ pé ńṣe ni wọ́n já wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, pé wọ́n há òṣìṣẹ́ mọ́ bí ẹni tó mú ìgbèkùn, wọ́n sì ń béèrè owó.

Nítorí náà, kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ náà, apá méjèèjì ti ń pe ara wọn ní orúkọ kan náà: ẹni tó wọ ilé onílé láìgbàṣẹ.

Aago mẹ́fà ààbọ̀

Bàbá mi dé ìdí ògùrọ̀ rẹ̀. Ààlè tó so sí ẹnu ọ̀nà omi ló kọ́kọ́ wò, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Mo ṣì lè rí ààlè yẹn tí mo bá di ojú: ìkarawun ìgbín kan tí oòrùn ti sọ di funfun, ìdajì ọwọ̀ tó ti gbó dé ìdí, àti aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí màmá mi gé lára ìró àtijọ́. Ó fi mọ̀rìwò di gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pá tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀. Kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó dàgbà létí omi tí kò lè kà á. Ó ń wí pé: ibí ní ẹni tó ni ín; bí o bá mú nǹkan níbí, kí ọwọ̀ gbá ọ dànù, kí ilé rẹ ṣófo bí ìkarawun.

Lọ́dún tó ṣáájú, ẹnì kan ti rékọjá ààlè náà. Bàbá mi bá a lórí iṣẹ́, ó ti gé ewé ògùrọ̀ kún ìdajì ọkọ̀. Èmi ni mo tukọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni mo gbọ́.

“O kú iṣẹ́ o,” ni bàbá mi wí.

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú omi. “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ ṣeun o.”

“Ta ló júwe ibí fún ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá. Wọ́n ní títí dé orí omi ọ̀hún yẹn ni tiwa.”

“O ò rí ààlè ni?”

“Mo rí i, bàbá. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ló so ó.”

Bàbá mi ní kó sọ àdá sínú ọkọ̀, kó tẹ̀ lé wa. Kò gbá a létí, kò sì ké sí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn olórí ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, títí bàbá arúgbó kan fi mú gbogbo wa lọ sí ibi pẹ̀rẹ̀gún kan tí igbó ti bò, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. Ààlà nìyẹn. Ọkùnrin náà mú ìgò ṣìnáàpù kan wá, ó bẹ bàbá mi. Bàbá mi sì dá ìdajì ewé náà padà fún un, torí pé òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òjò sì ti ṣú.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń rí báyìí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti fi àdá ṣá ara wọn lórí ilẹ̀ tí kò tó ẹní méjì. Nínú oṣù September ọdún 1998 yẹn kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa Ìlàjẹ àti àwọn ará Arogbo, aládùúgbò wa, lórí ilẹ̀ tó ní epo, àwọn abúlé sì jóná ráúráú. Síbẹ̀, ìlànà náà wà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ìgbà tí wọ́n bá rú u: o kí ẹni tó wọ ilẹ̀ rẹ, o bi í léèrè ẹni tó rán an, o sì mú un lọ síwájú àgbà.

Aago méje àárọ̀

Wọ́n ti lọ síwájú àgbà lórí ọ̀rọ̀ Parabe. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí dòní. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kan péré ṣáájú, àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà àti àwọn àgbà ìlú jókòó pọ̀ lórí ilẹ̀. Àwọn tó pẹjọ́ lẹ́yìn náà sọ ní kóòtù pé àdéhùn wáyé níbẹ̀: kí àwọn ọ̀dọ́ kúrò lórí pèpéle ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sì tún pàdé láti tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ ilé ló jí lórí irin láàárọ̀ yẹn.

Òwúrọ̀ yẹn ni àwọn hẹlikọ́pítà dé. Ilé iṣẹ́ náà ló háyà wọn. Ọmọ ogun ojú omi àti mọ́pó, àwọn tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí kill-and-go, ló wà nínú wọn. Bola Oyinbo, tó jẹ́ aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ náà, sọ nígbà tó yá pé àlejò ni àwọn rò pé ó ń bọ̀.

Ìbọn dún. Jola Ogungbeje kú. Arolika Irowarinun kú. Larry Bowoto wà lára àwọn tó fara gbọta.

Ẹnu kò kò lórí bí ìbọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ọ̀dọ́ kan ló rọ́ lu àwọn agbófinró, tí wọ́n fẹ́ já ìbọn gbà. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò di nǹkan kan mọ́wọ́, wọ́n ní àwọn agbófinró ò tíì fẹsẹ̀ balẹ̀ dáadáa tí ìbọn ti ń ró. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní dá ẹjọ́ tí mi ò fojú rí. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ẹnu ti kò lé lórí: ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onílé ló fi ọkọ̀ òfúrufú tó háyà gbé oníbọn wá. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí àwọn oníròyìn rédíò kan láti Amẹ́ríkà, Amy Goodman àti Jeremy Scahill, bi agbẹnusọ ilé iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, ó gbà lórí ẹ̀rọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní San Francisco, níbi tí olú ilé iṣẹ́ Chevron wà nígbà náà, Ọjọ́rú kò tíì parí. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni.

Aago mẹ́wàá

Ní Òde Mahin, a ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn obìnrin tẹ́ koríko ẹní sóòrùn. Ẹnì kan ń kan ojú ọkọ̀ tó ń jò. Lójú òkun lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sí àtìmọ́lé, Bola Oyinbo sì wà nínú wọn. Ó sọ lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀ pé àwọn agbófinró fi ṣẹkẹṣẹkẹ gbé òun kọ́ sókè fún wákàtí púpọ̀, kí òun lè fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀.

Aago méjìlá ọ̀sán gangan

Tí ènìyàn bá dúró ní Òde Mahin lọ́sàn-án, lẹ́bàá ààfin Amapetu, ọba wa, tó sì béèrè pé ta ló ni omi yìí, onírúurú ìdáhùn ló máa gbà, ìwé sì wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn.

Lọ́dún 1885, aṣojú Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg, gba ilẹ̀ etí òkun lọ́wọ́ Amapetu. Gustav Nachtigal, tí ìjọba Jámánì rán wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi àsíá ìjọba rẹ̀ bò ó. Ìpàdé Berlin tí àwọn òyìnbó ti ń pín Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní February ọdún yẹn. Nachtigal fúnra rẹ̀ kú sójú òkun ní April. Kí ọdún náà tó lọ sópin, Jámánì ti fa Mahin lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń fi àjẹ̀ wọn òun ọ̀pá wọn mọ̀ ti gba ọwọ́ ìjọba méjì, odò kan kò sì tìtorí ẹ̀ yí ipa padà.

Lọ́dún 1969, ìjọba Nàìjíríà ṣòfin pé gbogbo epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ àti lábẹ́ omi orílẹ̀-èdè yìí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Lọ́dún 1978, òfin mìíràn fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mú ìwé àṣẹ láti Èkó tàbí Àbújá wá lè wọ inú omi wa gẹ́gẹ́ bí onílé, ọmọ onílẹ̀ tó bá sì tọ̀ ọ́ lọ láti fẹjọ́ sùn lè di àjèjì lójú òfin.

Mo máa ń fi èyí wé ààlè bàbá mi. Ọkùnrin tó gé ògùrọ̀ yẹn ní ẹ̀gbọ́n tó rán an. Ilé iṣẹ́ epo náà ní ìjọba tó rán an. Nínú ọ̀ràn ti ògùrọ̀, a rí ẹ̀gbọ́n náà pè, ó wá, ó jókòó, ó sì rìn dé ìdí pẹ̀rẹ̀gún pẹ̀lú wa. Ọ̀ràn ti omi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Awoye, ìlú Ìlàjẹ kan létí òkun, nawọ́ sí ọ̀nà omi tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ epo Gulf gbẹ́ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Lọ́dún 1984, Chevron ra Gulf, tilé-tọ̀nà. Àwọn ará ìlú ní ibẹ̀ ni òkun gbà wọlé. Òkun ti lé Awoye sẹ́yìn láti ìgbà náà, ilé tí wọ́n bí ènìyàn sí ti di ibi tí wọ́n ń da àwọ̀n sí. Ta ni à bá so ààlè fún níbẹ̀? Iyọ̀ kì í ka ààlè.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ní San Francisco. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ọ́fíìsì. Ìlú yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ Parabe padà lọ, torí náà mo fẹ́ yà síbẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní May 1999, kí ọdún kan tó pé gẹ́lẹ́, Larry Bowoto àti àwọn mìíràn, títí kan ẹbí àwọn tó kú, pe Chevron lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní San Francisco. Ọ̀kan nínú àwọn òfin tí wọ́n dì mú ti wà láti 1789, nígbà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó fún àlejò láyè láti wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n bá ti rú òfin àárín àwọn orílẹ̀-èdè sí i. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ń jà á lórí ìwé. Nígbà tó di ìparí October 2008, níwájú adájọ́ Susan Illston, àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣà jọ láti dá ẹjọ́ náà jókòó, wọ́n sì gbọ́ orúkọ Ìlàjẹ lẹ́nu ẹlẹ́rìí.

Ní ọjọ́ 1 December 2008, wọ́n dá Chevron láre lórí gbogbo ẹ̀sùn. Ohùn wọn ṣọ̀kan.

Mo gba ìdájọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ gbọ́ tẹ̀tún-tòsì, wọ́n gbọ́ pé òṣìṣẹ́ bíi tiwọn sun òru mẹ́ta lójú omi láì lè lọ sílé, ìbẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í sì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun kò gbọdọ̀ há ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú, kódà nígbà tí inú bí wọn sí mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kòtẹ́milọ́rùn ló gbà mí lọ́kàn jù. Ní September 2010, ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ ènìyàn, ẹni ẹlẹ́ran ara nìkan ló lè mú, kò lè mú ilé iṣẹ́. Wọ́n tún ní òfin kan wà láti ọdún 1920, tí Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tó bá kú lójú agbami, àti pé abẹ́ rẹ̀ ni ikú Parabe bọ́ sí. Òfin yẹn gbà kí àwọn tí òkú fi sílẹ̀ béèrè owó tí ikú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó nítorí ìrora tí òkú náà jẹ kí ẹ̀mí tó bọ́. Ní April 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Lójú ìjọba Nàìjíríà, omi yẹn àti epo abẹ́ rẹ̀, ti ìjọba ni. Lójú òfin Amẹ́ríkà yẹn, agbami ni. Lójú ilé iṣẹ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lójú àwọn tó tukọ̀ lọ síbẹ̀, ojú odò baba wọn ni. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni kóòtù San Francisco dájọ́ lé lórí. Iyọ̀ kò wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí.

Aago méje alẹ́

Oòrùn ti wọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja ló gbé ìròyìn náà wọ Òde Mahin. Mo wà létí omi. Obìnrin tó jókòó síwájú ọkọ̀ kò polówó ẹja, ohun tó kọ́kọ́ ṣe wá létí nìyẹn, torí ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́ kí ọkọ̀ tó yí kọ́nà. Nígbà tí ọkọ̀ kan ilẹ̀, ó ní, “Wọ́n ti pa wọ́n.” Kò sẹ́ni tó béèrè pé àwọn wo. Gbogbo ìlú ló ti mọ̀ láti Ọjọ́ Ajé pé àwọn ọmọ wà lójú òkun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agboolé tí kò ní àna tàbí ìbátan lápá Awoye.

Àwọn ìyá gbé ọwọ́ lé orí. Bàbá kan ń ka orúkọ: “Ta ló lọ nílé wa? Ta ló lọ?” Ẹnì kan ní òkú méjì ni, ẹlòmíràn ní mẹ́wàá ni. Kò sí tẹlifóònù láti fi béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Aago méjìlá òru

Ọjọ́ Ẹtì wọlé. Ní San Francisco, Ọjọ́bọ̀ ṣì ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ti ń múra ilé.

Màmá mi ń yan ẹja. Ẹja kì í dúró de ọ̀fọ̀, iná kò sì gbọdọ̀ kú. Bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bọ́ aṣọ tó fi lọ sí oko láàárọ̀, ẹrọ̀fọ̀ ti gbẹ sí i lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá àwọn ọmọ, ṣé wọ́n tiẹ̀ bi wọ́n?”

Màmá mi fọwọ́ yí ẹja kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fẹ́ iná. Ó nu ojú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá èéfín ni.

“Ta ni ẹ fẹ́ kó bi ta?”